Àlọ́

"Ààlọ́ o!" "Ààlọ̀!" Bí ilẹ̀ bá ṣú ní Ẹdẹ, ìpè àti ègbè yìí la fi ń kó ọmọdé jọ. Àlọ́ àpagbè ni ìtàn olórin tí gbogbo ilé ń gbè. Àpamọ̀ ni èyí tí à ń pa kí olùgbọ́ wá ìdáhùn rẹ̀. Àpamọ̀ ni Sámúsónì pa níbi àsè ìgbéyàwó rẹ̀ nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí 14, lórí kìnnìún tó kú àti oyin inú òkú rẹ̀. Aṣọ ọ̀gbọ̀ 30 àti ìpààrọ̀ aṣọ 30 ni wọ́n fi ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni àwọn àlejò halẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó mọ ìdáhùn. Ọmọ Ẹdẹ tó bá mọ òfin àlọ́, pé olùgbọ́ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá ìdáhùn, á bínú sí wọn. Ó dùn mọ́ mi pé àwọn atúmọ̀ Bíbélì kò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fún un: "àlọ́", ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá àgbà ń lò, ni wọ́n lò.