Ìbáramu hẹ́dífóònù àti áńpílífáyà

Ìbáramu hẹ́dífóònù àti áńpílífáyà ni ọ̀nà tí a fi ń yan áńpílífáyà tí agbára rẹ̀ àti ìṣesí rẹ̀ bá hẹ́dífóònù kan mu. Hẹ́dífóònù ni ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tí a ń dé borí, tí sípíkà kékeré kọ̀ọ̀kan rẹ̀ wà létí kọ̀ọ̀kan. Áńpílífáyà ni ẹ̀rọ tí ń fi agbára kún ohùn oníná kí ó tó dé ọ̀dọ̀ sípíkà. Áńpílífáyà kékeré wà nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ó láìmọ̀. Ẹni tí ó bá ra hẹ́dífóònù olówó gegere, tí ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ lórí fóònù, ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ní Èkó, ìbéèrè náà kò pin sí orí iye owó tàbí iye wáàtì nìkan: ariwo àdúgbò àti irú iná tí ó wà nílé wà lára ohun tí a gbọ́dọ̀ gbé yẹ̀ wò.

Ìtàn

Ní 1910, Nathaniel Baldwin, ará ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ṣe hẹ́dífóònù tí ó tà fún ilé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi orílẹ̀-èdè náà. Ní 1937, iléeṣẹ́ Beyer ní Jámánì gbé DT 48 jáde, èyí tí ó lo òòfà àti wáyà kíká bíi ti sípíkà ńlá. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ hẹ́dífóònù ṣì ń gbà ṣiṣẹ́ títí di òní. John Koss, ará Milwaukee, gbé hẹ́dífóònù sítẹ́rió jáde ní 1958. Sennheiser sì ṣe HD 414 ní 1968, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ là sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá. HD 600, ọmọ ìdílé kan náà, jáde ní 1997, ó sì di èyí tí àwọn tí ó fẹ́ràn ohùn fi ń díwọ̀n àwọn mìíràn.

Ní Èkó, ohùn tí wáyà ń gbé wọlé kọ́kọ́ jẹ́ ti gbogbo ará ilé. Láti 1935 ni wọ́n ti ń fi wáyà gbé ètò rédíò wọ inú ilé àwọn oníbàárà, àpótí onísípíkà ni ó sì ń sọ ọ́ síta fún tọmọdé tàgbà. Walkman tí Sony gbé jáde ní 1979 ni ó sọ gbígbọ́ orin nínú ìrìn di ohun àdágbọ́. Nígbà tí ó di 2016, Apple yọ ihò hẹ́dífóònù kúrò lára iPhone 7, ọ̀pọ̀ aṣefóònù sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wọn. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lo hẹ́dífóònù oníwáyà ní láti ra ádápítà, áńpílífáyà kékeré sì wà nínú ádápítà ọ̀hún fúnra rẹ̀.

Bí hẹ́dífóònù ṣe ń dún

Nínú hẹ́dífóònù tí ó wọ́pọ̀ jù, awọ tín-ín-rín kan wà tí wáyà kíká so mọ́ lẹ́yìn. Wáyà yìí wà láàárín òòfà. Bí ìṣàn iná bá ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú rẹ̀, òòfà á tì í síwá, á fà á sẹ́yìn, awọ náà á sì máa mì gẹ́gẹ́ bí awọ ìlù ti ń mì lábẹ́ ọ̀pá. Irú kejì, tí a ń pè ní planar, kò ní wáyà kíká. A tẹ ojú ọ̀nà iná pẹrẹsẹ sórí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí òòfà pọ̀ yí ká. Irú yìí sábà wúwo lórí, ó sì sábà ń béèrè ìṣàn iná tí ó pọ̀.

Nọ́ńbà méjì ni ó ṣe pàtàkì jù lára àkọsílẹ̀ tí ó wà nínú páálí. Èkíní ni ìdènà, èyí tí a ń fi óòmù wọ̀n: ó ń sọ bí hẹ́dífóònù ṣe ń dí ìṣàn iná lọ́wọ́ tó. Èkejì ni ìdáhùn, ìyẹn iye ohùn tí hẹ́dífóònù ń mú jáde bí a bá fún un ní mílíwáàtì kan. A ń fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì wọ̀n ọ́n, a sì ń kọ ọ́ ní dB. Àwọn olùtajà fẹ́ràn láti máa dárúkọ èkíní nìkan. Àṣìṣe ni èyí, nítorí èkejì ni ó ń sọ bóyá áńpílífáyà pọn dandan.

Ìṣirò agbára

Àfikún 3 dB ń béèrè ìlọ́po méjì agbára. Àfikún 10 dB ń béèrè ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, áńpílífáyà tí wáàtì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti òmíràn kì í dún ní ìlọ́po méjì létí. Ìyàtọ̀ díẹ̀ ni etí yóò gbọ́.

Ká mú hẹ́dífóònù kan tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 300 óòmù, tí ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ 97 dB. Bí a bá fẹ́ kí ibi tí orin ti le jù dé 110 dB fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, a nílò 13 dB sí i, èyí tí í ṣe nǹkan bí mílíwáàtì 20. Láti ti mílíwáàtì 20 wọ inú 300 óòmù, áńpílífáyà gbọ́dọ̀ lè fún wa ní nǹkan bí fóltì 2.4. Fóònù tàbí ádápítà tí kò lè kọjá fóltì 1 yóò fún hẹ́dífóònù yìí ní mílíwáàtì 3.3 péré, yóò sì dúró ní nǹkan bí 102 dB. Èyí ti pariwo tó fún ọ̀pọ̀ orin tí wọ́n ń ṣe lóde òní, nítorí wọ́n ti fún ohùn wọn pọ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè le bákan náà. Orin tí ibi jẹ́jẹ́ àti ibi líle rẹ̀ jìnnà síra ni àìtó agbára yóò ti hàn.

Ẹni tí ó bá rò pé 50 óòmù rọrùn ju 300 lọ yóò yà lẹ́nu bí ó bá bá HE-6 pàdé, planar tí HIFIMAN ṣe. Ìdènà rẹ̀ kò ju 50 óòmù lọ, ṣùgbọ́n 83.5 dB ni wọ́n kọ fún ìdáhùn rẹ̀. Kí ó tó lè dé 110 dB, yóò gba nǹkan bí mílíwáàtì 450, fóltì 4.7, àti ìṣàn iná tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíámpù 95. Fóònù kankan kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń so HE-6 mọ́ áńpílífáyà sípíkà ńlá.

Ìdènà inú áńpílífáyà

Áńpílífáyà náà ní ìdènà tirẹ̀ lẹ́nu ibi tí ohùn ti ń jáde. Ìlànà tí ó gbajúmọ̀ ni pé kí ìdènà áńpílífáyà má ju ìdá mẹ́jọ ti hẹ́dífóònù lọ: hẹ́dífóònù 32 óòmù yẹ kí ó bá áńpílífáyà tí kò ju 4 óòmù lọ ṣiṣẹ́. Ìdí ni pé ìdènà hẹ́dífóònù oníwáyà kíká kì í dúró sójú kan. Ó máa ń ga sókè ní ibi báàsì. Bí hẹ́dífóònù kan bá jẹ́ 32 óòmù ní àárín ohùn, tí ó sì di 60 níbi báàsì, tí a wá so ó mọ́ áńpílífáyà tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 100 óòmù, báàsì rẹ̀ yóò fi nǹkan bí 4 dB ga ju bí ẹni tí ó ṣe é ti fẹ́ lọ. Àwọn kan á sọ pé ohùn náà “nípọn”, wọ́n á sì yin áńpílífáyà. Àìbáramu ni wọ́n ń gbọ́.

Àwọn áńpílífáyà onífáàfù, tí wọ́n ń lo ìgò gíláàsì bíi ti rédíò àtijọ́, sábà ní ìdènà gíga bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá hẹ́dífóònù 300 óòmù àti 600 óòmù mu, wọn kò sì bá 32 óòmù mu. Planar kò ka èyí sí púpọ̀, nítorí ìdènà tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà; ìṣàn iná tí kò tó ni ìṣòro rẹ̀.

Ìfiwéra díẹ̀

HD 600 là sílẹ̀ lẹ́yìn. Ohùn ènìyàn dára gidigidi lórí rẹ̀, báàsì tí ó jìn jù kò sì pọ̀. DT 990 Pro ti Beyerdynamic là sílẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ohùn tíńrín òkè rẹ̀ mú ju ti HD 600 lọ, ó sì lè rẹ ẹlòmíràn létí. DT 770 Pro, àbúrò rẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí, wà ní 32, 80 àti 250 óòmù, nítorí náà ẹni tí ń rà á gbọ́dọ̀ wo nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀ kí ó tó sanwó. Sony MDR-7506, tí ó ti wà láti 1991, jẹ́ 63 óòmù. Audio-Technica ATH-M50x jẹ́ 38. Ẹ̀yìn àwọn méjèèjì dí, fóònù sì lè gbé wọn láìsí ìrànlọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ra áńpílífáyà ńlá nítorí ATH-M50x ti náwó sí ibi tí kò yẹ, àyàfi bí ohùn fóònù rẹ̀ bá ní ìkùn nínú.

Ní Kòsọ́fẹ́ àti àyíká rẹ̀

Ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó fi hàn kedere bí àdúgbò ṣe lè yí ìmọ̀ràn inú ìwé padà. Àwọn tí ń kọ̀wé nípa hẹ́dífóònù ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sábà máa ń yin èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ là, wọ́n sì rò pé iyàrá tí òǹkàwé wọn wà dákẹ́. Ní Kétu, ojú ọ̀nà Ìkòròdú kì í sinmi, àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pe èrò láti ìdájí. Ní ọjà Mile 12, ọkọ̀ akẹ́rù ń já tòmátò, ata àti àlùbọ́sà láti Òkè Ọya. Ní àwọn òpópónà ilé gbígbé Ìkòsì, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ènìyàn sọ ní “I better pass my neighbour” lè máa kùn lábẹ́ fèrèsé aládùúgbò. Hẹ́dífóònù tí ẹ̀yìn rẹ̀ là kò dí ọ̀kankan nínú ariwo wọ̀nyí. Ẹni tí ó lò ó yóò gbé ohùn sókè láti bò wọ́n mọ́lẹ̀, kò sì sí áńpílífáyà tí ó lè tún èyí ṣe. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí, tàbí ti inú ihò etí tí ó dí i dáadáa, ni ó bá irú ibẹ̀ mu, bí a bá tilẹ̀ gbà pé HD 600 dára jù ú lọ ní iyàrá ìdákẹ́jẹ́.

Iná ni ọ̀rọ̀ kejì. Fóltì 230 ni iná Nàìjíríà, nígbà tí ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Áńpílífáyà tokunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá, tí kò ní ibi tí a ti ń yí fóltì padà, yóò jóná bí a bá kì í bọ ògiri tààrà. Ó nílò tiransifọ́mà tí ń sọ 230 di 120. Ìnfátà olówó pọ́ọ́kú tí ìgbì iná rẹ̀ kò yípo dáadáa náà máa ń mú kí áńpílífáyà kùn, ìkùn yìí sì máa ń hàn jù lórí hẹ́dífóònù tí ìdáhùn rẹ̀ ga. Fún ìdí yìí, áńpílífáyà kékeré tí ń lo bátìrì tàbí agbára fóònù kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ fún ará Èkó: iná ògiri kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìkùn rẹ̀ náà kò sì dé ibẹ̀.

Èdè Yorùbá létí

Nítorí pé ohùn ni ó ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀, ènìyàn lè rò pé hẹ́dífóònù tí báàsì rẹ̀ pọ̀ nìkan ni ó lè gbé Yorùbá dáadáa, pàápàá ohùn ọkùnrin tí ó wà nísàlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ohùn tí ó rẹlẹ̀ ju ìmì 300 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, ìpìlẹ̀ ohùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin sì rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Síbẹ̀ àwọn Yorùbá ń gbọ́ ara wọn yé lórí rẹ̀. Ọpọlọ ń fi àwọn ìmì òkè tí ó bá ìpìlẹ̀ náà rìn mọ ibi tí ìpìlẹ̀ wà. Ibi tí hẹ́dífóònù burúkú ti ń ṣe ìpalára fún ẹni tí ń da ọ̀rọ̀ inú ìgbóhùnsílẹ̀ kọ ni kọ́ńsónáǹtì: ìyàtọ̀ sá àti ṣá wà ní apá òkè ohùn, báàsì tí ó bo ohun gbogbo sì lè mú kí a ṣì í gbọ́. Fún dùndún, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Yíyọ̀ tí ohùn ìyáàlù ń yọ̀ láti òkè sí ìsàlẹ̀ nílò hẹ́dífóònù tí kò fi apá kan ohùn ga ju èkejì lọ.

Ewu sí etí

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ènìyàn má gbọ́ 80 dB ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀ kan. Bí ohùn bá fi 3 dB ga, àkókò náà yóò dín sí ìdajì. Ní 90 dB, wákàtí 4 péré ni ó kù fún ọ̀sẹ̀ náà. Ẹni tí ń wọ bọ́ọ̀sì láti Mile 12 lọ sí CMS, ọ̀nà tí BRT bẹ̀rẹ̀ sí í ná ní 2008, lè lo wákàtí 4 yìí tán kí ó tó di ọjọ́rú bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú un, tí ó sì ń fi orin bo ariwo ọkọ̀. Áńpílífáyà tí agbára rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí hẹ́dífóònù béèrè lọ ń mú ewu yìí sún mọ́ ọwọ́, nítorí yíyí bọ́tìnnì díẹ̀ ti tó láti kọjá ààlà. Bí ó bá ní ibi tí a ti ń yan agbára kékeré tàbí ńlá, kékeré ni ó yẹ fún hẹ́dífóònù tí ìdáhùn rẹ̀ ga. Etí tí ariwo bá ti bàjẹ́ nínú kì í padà sí bó ti wà.

Dídá ayédèrú mọ̀

Ayédèrú àwọn hẹ́dífóònù tí ó lókìkí wà lọ́jà káàkiri àgbáyé. Mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń wọn óòmù lè ran olùrà lọ́wọ́. Bí a bá fi ẹnu mítà kan kan ṣóńṣó orí pọ́lọ́ọ̀gì, tí a fi èkejì kan ìdí irin rẹ̀, nọ́ńbà tí yóò jáde fún hẹ́dífóònù oníwáyà kíká yẹ kí ó sún mọ́ ìdènà tí wọ́n kọ sára páálí. Bí páálí bá sọ 300 óòmù, tí mítà sì ka 30, hẹ́dífóònù náà kì í ṣe ohun tí wọ́n pè é. Àyẹ̀wò yìí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ìdènà wọn kéré, nítorí ẹni tí ń ṣe ayédèrú lè rí sípíkà kékeré 32 óòmù rà ní pọ́ọ́kú. Fún ti aláìníwáyà, mítà kò wúlò fún èyí.