Pápá Ìjọba Ló Ṣílẹ̀kùn fún Wọn

Nígbà tí wọ́n dá líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) tó di NFL sílẹ̀ lọ́dún 1920, aláwọ̀ dúdú wà nínú rẹ̀. Fritz Pollard bá ikọ̀ Akron gba ife àkọ́kọ́, ó sì di ọ̀kan nínú akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn lọ́dún kejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí sáà 1933 parí, Joe Lillard àti Ray Kemp, àwọn méjì péré tó ṣẹ́kù, kúrò níbẹ̀. Fún ọdún 12 gbáko, ikọ̀ kankan kò gba aláwọ̀ dúdú mọ́.

Kò sí ibi tí wọ́n kọ òfin náà sí. Àwọn tó ni ikọ̀ ló jọ mọ̀ láàárín ara wọn, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ìwé kan gbé lọ sílé ẹjọ́. Irọ́ sì ni ẹni tó bá ní kò sí dúdú tó mọ̀ ọ́n gbá nígbà yẹn ń pa: Kenny Washington wà lára àwọn tó dáńgájíá jù lọ ní yunifásítì Amẹ́ríkà lọ́dún 1939, ikọ̀ NFL kan kò sì pè é.

Lọ́dún 1946, ikọ̀ Rams kó kúrò ní Cleveland lọ sí Los Angeles, wọ́n fẹ́ máa lo pápá Coliseum. Owó aráàlú ni wọ́n fi kọ́ pápá náà. Àwọn akọ̀ròyìn aláwọ̀ dúdú, Halley Harding ló ṣáájú wọn, tọ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o lọ: owó orí àwọn dúdú wà níbẹ̀, kí ló dé tí ikọ̀ tó ń lé wọn yóò fi lò ó? Rams gbà. Wọ́n mú Washington, wọ́n sì mú Woody Strode tẹ̀ lé e. Ó dùn mí pé Washington ti pé ọdún 27 nígbà náà, wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ abẹ sí orúnkún rẹ̀. Sáà mẹ́ta péré ló gbá.

Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ikọ̀ yòókù tẹ̀ lé wọn, àyàfi ikọ̀ ìlú Washington. George Preston Marshall tó ni ín fi àáké kọ́rí, torí àwọn aláwọ̀ funfun ìhà gúúsù tó ń gbọ́ ìdíje rẹ̀ lórí rédíò, tí wọ́n sì ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni pápá tuntun rẹ̀ sì wà. Lọ́dún 1961, Stewart Udall, mínísítà tó ń mójú tó ilẹ̀ náà lábẹ́ Ààrẹ Kennedy, sọ fún un pé kó gba aláwọ̀ dúdú tàbí kó wá ibòmíràn lọ. Marshall jà títí, ó gbà. Ó yan Ernie Davis, ó sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún Bobby Mitchell, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀. Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pa Davis lọ́dún 1963 láìgbá ìdíje NFL kan ṣoṣo. Ní ti Mitchell, ìgbà 72 ló gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí i lọ́dún 1962, kò sẹ́ni tó tó o ní líìgì. Ikọ̀ tó borí lẹ́ẹ̀kan péré nínú ìdíje 14 lọ́dún tó ṣáájú borí nínú márùn-ún.

Níbi ipò akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà, kò sí pápá ìjọba tí wọ́n lè fi fúngun mọ́ àwọn tó ni ikọ̀. Lẹ́yìn Pollard, ó di 1989 kí aláwọ̀ dúdú tó tún dé ipò náà, ìyẹn Art Shell ní Raiders. Ọdún 2003 ni NFL tó pàṣẹ pé ikọ̀ tó bá ń wá akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà gbọ́dọ̀ pe ó kéré tán ẹnì kan tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.