Béárìn Inú Ìgbáròkó

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé dókítà nìkan ló ṣe é tí oríkèé àtọwọ́dá fi ń pẹ́ lára. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn dókítà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ láti ọjọ́ pípẹ́, tó jẹ́ pé ṣáàfù tó ń gbọ̀n àti béárìn tó ń gbóná ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tèmi, mo fẹ́ ká dárúkọ àwọn tó dúró ti ẹ̀rọ ìdánwò tọ̀sán tòru. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló wà nínú itan ọ̀pọ̀ màmá àgbà tó ń dá rìn lọ sọ́jà lónìí.

Ìdí rélùwéè lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí Beauchamp Tower wádìí ohun tó ń lọ nínú béárìn ọkọ̀ ojú irin. Tower lu ihò sórí béárìn náà kó lè máa rọ ọ́ìlì sí i. Bí ṣáàfù ṣe ń yí, kàkà kí ọ́ìlì wọlé, ńṣe ló ń tú jáde. Ó fi kọ́ọ̀kì dí ihò, ọ́ìlì tì í jáde. Ó gbẹ́ igi kì í bọ̀ ọ́, ọ́ìlì tún ti ìyẹn náà dànù. Nígbà tó wá fi géèjì wọn agbára tó ń tì í, ó kọjá 200 pọ́n-ùn lórí ínǹṣì kan níbùú lóròó. Ọ́ìlì ló gbé ṣáàfù dúró, irin ò kan irin rárá! Osborne Reynolds, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Manchester, gbé ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1886, òun náà la ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ wa.

Ní 1932, MacConaill, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara, ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni omi inú oríkèé wa ṣe ń ṣiṣẹ́. John Charnley, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Manchester, ò gbà. Ó ti pàdé ọkùnrin kan tí wọ́n fi orí eegun oníke sí nítan, tó jẹ́ pé bó bá ti ṣíra báyìí, itan rẹ̀ á máa han, débi pé ìyàwó rẹ̀ ò lè bá a jókòó nínú yàrá kan náà. Kí ló dé tí oríkèé tí Ọlọ́run dá kì í han? Charnley wọn bí kerekere ṣe ń yọ̀ lórí kerekere, ó rí i pé ó yọ̀ ju yìnyín lọ. Ó wá pinnu pé àfi kí òun wá ike tó ń yọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí kò sí ọ́ìlì tí yóò dúró síbẹ̀ bá a. Teflon ló mú.

Ní Wrightington, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn oníkọ́ ife tẹ́lẹ̀ nítòsí Wigan, ó fi irin ṣe orí itan, ó fi Teflon ṣe ife tí orí náà ń yí nínú rẹ̀, ó sì fi sìmẹ́ǹtì acrylic, irú èyí tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò, dì wọ́n mọ́ eegun. Ó dín orí irin náà kù títí ó fi di 22.225 mílímítà. Ẹni tó bá ti fi sípánà gígùn tú nọ́ọ̀tì tó dì yóò mọ ìdí rẹ̀: bí ibi tí wọ́n ti ń gbo ara wọn bá ṣe jìnnà sí àárín tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó fẹ́ yí ife náà kúrò nídìí eegun yóò ṣe pọ̀ tó. Ọgbọ́n ẹ̀rọ pọ́ńbélé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Teflon dójú tì í. Nǹkan bí 300 aláìsàn ló ti fi sí lára kó tó hàn kedere pé láàárín ọdún díẹ̀ ni irin ń jẹ ike náà wọnú, tí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sì ń ba ẹran ara jẹ́. Charnley gún Teflon sínú itan ara rẹ̀ láti fojú ara rẹ̀ rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tún àwọn aláìsàn náà là, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Harry Craven ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Òun ló ń bá Charnley ro irin àti ike ní wọ́kṣọ́ọ̀bù, òun ló sì kọ́ ẹ̀rọ tó ń fi irin gbo ike lọ, gbo ó bọ̀. Ní 1962, ọkùnrin kan tó ń polówó jíà oníke fún àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ Lancashire gbé ike tuntun kan wá, polyethylene. Charnley tẹ èékánná àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, ó ní kí Craven má fàkókò ṣòfò, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀gá rìnrìn-àjò sí Copenhagen, Craven gbé ike náà sórí ẹ̀rọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń gbo ó láìdúró. Ohun tó jẹ lára rẹ̀ ò tó ohun tí Teflon ń pàdánù ní wákàtí 24. Nígbà tó fi máa di oṣù November ọdún náà, ike yìí ti wà lára èèyàn. Èékánná ọ̀gá ti dájọ́, ẹ̀rọ Craven yí i padà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ wá dé ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìwádìí. Ní àwọn ọdún 1960, Duncan Dowson, tó ti ṣírò bí ọ́ìlì ṣe ń ráyè láàárín eyín jíà méjì tó ń tẹ ara wọn, da iṣẹ́ pọ̀ mọ́ Verna Wright, dókítà oríkèé, ní Yunifásítì Leeds. Peter Walker, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dọ̀ wọn, wádìí ojú kerekere. Ní 1968, òun àtàwọn ọ̀gá rẹ̀ kọ ọ́ pé bí oríkèé bá tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, omi ń fà wọnú kerekere, èyí tó ki ló ń ṣẹ́kù sáàárín tó ń gbé e. Walker kọjá sí New York, ó bá John Insall ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbé orúnkún Total Condylar jáde ní 1974. Ní Glasgow, J. P. Paul ṣírò agbára tó ń wọ ìgbáròkó bí èèyàn ṣe ń rìn. Ní Berlin, Georg Bergmann fi oríkèé tó ní ohun èèlò ìwọ̀n nínú sára èèyàn, ó sì rí i pé ìrìn lásán ń gbé bí ìlọ́po méjì ààbọ̀ ìwọ̀n ara lé ìgbáròkó, ìkọsẹ̀ sì lè dé ìlọ́po mẹ́jọ.

Polyethylene náà ní lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀, tó ń mú kí eegun máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìparí àwọn ọdún 1990 ni irú èyí tí wọ́n fi ìtànṣán sọ di líle sí i wọ ọjà. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀dọ́ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, tí orí eegun itan rẹ̀ ti kú, wà lára àwọn tó ń nílò ìgbáròkó tuntun, ó sì ní láti gbé e fún ọ̀pọ̀ ọdún ju arúgbó lọ.

Àmọ́ ohun tí a bá bi ẹ̀rọ ìdánwò ló ń dáhùn. Ìlànà ISO 14242 tí wọ́n fi ń dán ìgbáròkó wò, ìrìn ẹsẹ̀ ni wọ́n gbé e kà. Orúnkún 1974 ń ká dé nǹkan bí 90 dìgírì, ìyẹn tó fún ẹni tó ń jókòó sórí àga. Ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí àgbà, tó ń dọ̀bálẹ̀, tó ń fẹsẹ̀ kálẹ̀ lórí ẹní, tó ń kírun ńkọ́? Àwọn orúnkún tó dé lẹ́yìn ń ká jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ a gbọ́dọ̀ fúnra wa wọn bí ara tiwa ṣe ń lò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń ṣe másítà fẹ́ sáré kọ́ ẹ̀rọ ìdánwò tirẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ wọn ibi tí orúnkún ń ká dé nígbà tí ìyàwó ilé bá kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, àti bó ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó ní kó dìde.