Àgbà Tí Kò Ju Àjẹ̀ Sílẹ̀

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń dàgbà, à yé ogun jà. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí nígbà tí wọ́n bá rí ẹni ọgọ́ta ọdún tó wọ ṣòkòtò péńpé, tó ń làágùn níbi eré ìdárayá. Ohun tí wọ́n gbà pé ó ń sọ ni pé kí àgbàlagbà jókòó sábẹ́ igi odán, kí ó máa wo àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ogun ni òwe náà ní kí á yé jà. Kò ní kí á yé rìn, kò ní kí á yé fa ohun tó wúwo, kò sì ní kí á jẹ́ kí iṣan ara wa rọ bí ewé tí oòrùn pa. Ìtàn kan wà nínú eré ìdárayá tó fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Ìtàn ọkọ̀ tí a ń tù nínú ilé ni, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, láìsí omi.

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí a mọ irú ọkọ̀ títù tí à ń wí. Atukọ̀ ilẹ̀ Ìlàjẹ tàbí ti Ẹ̀pẹ́ a máa kọjú sí ibi tó ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló sì mú àjẹ̀ dání. Nínú eré ìdárayá tí a ń sọ, ẹ̀yìn ni atukọ̀ kọ sí ibi tó ń lọ. Wọ́n ti há àjẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ìjókòó rẹ̀ sì ń yọ̀ síwá sẹ́yìn lórí irin. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹ̀yìn a tẹ̀ lé e, apá a wá parí rẹ̀. Ẹ̀rọ inú ilé ń ṣe àfarawé gbogbo èyí. Ènìyàn á jókòó lé ìjókòó tó ń yọ̀, á fi ẹsẹ̀ ti pátákó, á sì fa igi ìdìmú tí ṣéènì so mọ́ àgbá kẹ̀kẹ́ kan tó ní abẹ̀bẹ̀. Bí a bá ti fà á le tó ni afẹ́fẹ́ ṣe ń ta kò wá tó. Nítorí náà, ẹ̀rọ kan náà ni ọmọ ogún ọdún àti ẹni àádọ́rùn-ún ọdún lè lò. Agbára kálukú ni yóò pinnu bí iṣẹ́ náà yóò ti le tó. Nígbà tó sì jẹ́ pé orí ìjókòó ni a wà, ìwọ̀n ara kì í já lu orúnkún bí ó ti ń já lù ú nígbà tí a bá ń sáré.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àná ni ọkọ̀ títù lórí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 260 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ará Róòmù ń bá Carthage jagun. Carthage ló jẹ gàba lórí òkun. Orí ilẹ̀ ni àwọn ará Róòmù ti mọ ogun jà. Polybius, òpìtàn ọmọ ilẹ̀ Gíríìkì, ṣàlàyé pé bí àwọn kan ti ń kan ọkọ̀ lọ́wọ́ ni àwọn mìíràn kó àwọn tí yóò tù ú jókòó sórí bẹ́ǹṣì lórí ilẹ̀, ní ipò tí kálukú yóò wà nínú ọkọ̀. Ẹni tí yóò máa darí wọn wà láàárín. Gbogbo wọn a fà sẹ́yìn pọ̀, wọn a sì tún nawọ́ síwájú pọ̀. Kò sí omi, kò sí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ara ti ń kọ́ ohun tí yóò ṣe. Lọ́dún náà gan-an ni wọ́n ṣẹ́gun Carthage lórí òkun ní Mylae.

Ọ̀tọ̀ ni ohun tó bí ẹ̀rọ tó gbòde lónìí. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Dick àti Pete Dreissigacker, ló ṣe é ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà. Dick ti bá orílẹ̀-èdè rẹ̀ tukọ̀ níbi ìdíje Òlíńpíìkì ti ọdún 1972 ní Munich. Ní 1976, àwọn méjèèjì dá ilé-iṣẹ́ Concept2 sílẹ̀. Àjẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe tà. Ṣùgbọ́n omi a máa dì gbagidi ní Vermont nígbà òtútù, atukọ̀ tí omi rẹ̀ bá sì ti dì kò ní ibi tí yóò gbà. Ní 1981, wọ́n mú àgbá kẹ̀kẹ́ ológeere, wọ́n so àwọn ègé ike mọ́ ọn kí ó lè máa gbá afẹ́fẹ́, wọ́n sì fi ṣe ẹ̀rọ wọn àkọ́kọ́. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wà ṣáájú tiwọn. Ọ̀kan wà nínú yàrá eré ìdárayá ọkọ̀ Titanic tó rì ní 1912. Ṣùgbọ́n tiwọn ló di ohun tí àwọn ẹgbẹ́ atukọ̀ káàkiri ayé gbà pé àwọn lè fi díwọ̀n ara wọn.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú ló wá sọ ẹ̀rọ náà di pápá ìdíje. Ní Disẹ́ńbà 1979, àwọn ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì wọ Afghanistan. Nítorí èyí, Amẹ́ríkà kọ̀, kò lọ sí Òlíńpíìkì ti Moscow ní 1980. Àwọn eléré tó ti fi ọpọ́n sùn, tí wọ́n fi òwúrọ̀ kùtù fa àjẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, pàdánù ohun tí wọ́n ń lé. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ní 1976, Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kọ Òlíńpíìkì ti Montreal sílẹ̀, nítorí pé ikọ̀ rugby New Zealand lọ bá South Africa ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣeré. Ìdí náà tọ́, a kò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara eléré kì í dúró de òṣèlú. Ọdún tó bá ti kọjá lórí rẹ̀, ó kọjá nìyẹn.

Àwọn atukọ̀ Amẹ́ríkà kan tó wà ní Boston, létí odò Charles, kó ara wọn jọ, wọ́n sì dá ìdíje orí ẹ̀rọ sílẹ̀ nígbà òtútù. Orúkọ tí wọ́n fún ara wọn ń pani lẹ́rìn-ín: ìràwọ̀ odò Charles tí ìgbà wọn ti kọjá. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tó ní egbò nínú ni. Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé lábẹ́ orúkọ àwọn tí ìgbà wọn ti kọjá yìí ni àwọn àgbàlagbà gidi ti rí àyè. Wọ́n pín àwọn olùdíje ní ìsọ̀rí ọjọ́ orí, kí ẹni ọgọ́rin ọdún má baà máa bá ọmọ ogún ọdún du ipò. Mítà 2,000 ni ọ̀nà tí wọ́n ń tù báyìí. Ní 2018, àjọ tó ń ṣe kòkárí ọkọ̀ títù lágbàáyé fúnra rẹ̀ ṣe ìdíje ti inú ilé ní Alexandria, ní ìpínlẹ̀ Virginia.

Kí wá ni ọjọ́ orí ń ṣe sí atukọ̀? Fritz Hagerman, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara ní Yunifásítì Ohio, tẹ̀ lé àwọn atukọ̀ Amẹ́ríkà tó gba fàdákà ní Munich. Ó yẹ̀ wọ́n wò ní 1972, ní 1982, àti ní 1992. Láàárín ogún ọdún náà, agbára tí wọ́n fi ń fà dín kù, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí ara wọn lè lò dín kù. Kò sí àgúnmu tó lè dá èyí padà pátápátá. Ọkàn kì í lè sáré bí ti ìgbà èwe mọ́, iṣan a sì máa joro. Ṣùgbọ́n kíkù yìí kò rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara, díẹ̀díẹ̀ ló ń wá. Lára ẹni tó jókòó gẹlẹtẹ, kíá ni.

Ẹ wo Richard Morgan, ará ilẹ̀ Ireland. Oníbúrẹ́dì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún kí ó tó kọ́kọ́ jókòó sórí ẹ̀rọ yìí, síbẹ̀ ó gba ipò kìíní lágbàáyé lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ìsọ̀rí rẹ̀. Nígbà tó di ẹni ọdún 92, àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bó ti ń tù. Ìṣirò tí a sábà ń lò ni kí á yọ ọjọ́ orí ẹni kúrò nínú 220. Èyí ìbá sọ pé ọkàn rẹ̀ kò ní lù ju 128 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Tirẹ̀ lù dé 153. Nǹkan bí kìlómítà 30 ló ń tù lọ́sẹ̀. Nínú iṣẹ́ náà, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó rọrùn, ìdá 20 le ṣùgbọ́n ó ṣeé fara dà, ìdá 10 péré ló fi gbogbo agbára ṣe. Ó tún ń gbé irin lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Lójú tèmi, ìdá 10 péré yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ yìí. Fífà kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀rọ ní apá méjì. A ó fà á wá sẹ́yìn pẹ̀lú agbára, a ó sì jẹ́ kí ó padà síwájú jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tù, tí kò kánjú, a máa jẹ́ kí ìpadà náà gùn tó ìlọ́po méjì fífà. Ẹni tó bá ń kánjú padà kò ní rí èémí fi fa èyí tó kàn. Bó ti rí nínú fífà kan náà ló yẹ kó rí nínú ọ̀sẹ̀ kan, àti nínú ọdún kan. Iṣẹ́ líle a máa ta iṣan lára. Inú ìsinmi ni ara ti ń tún un dì. Ara àgbà kò sì yára dì í bí ti ọ̀dọ́. Ó ń fẹ́ ọjọ́ kan sí méjì láàárín iṣẹ́ líle kan sí èkejì, ó ń fẹ́ oorun, ó sì ń fẹ́ ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ju èyí tó tó fún ọ̀dọ́ lọ. Adìẹ funfun tí kò mọ ara rẹ̀ lágbà ló máa ń fa ti òní, tí í fa ti ọ̀la mọ́ ọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dá a lẹ́bi, nítorí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ni ọkọ̀ títù máa ń pa lára jù.

Kì í ṣe gbogbo wa ni yóò rí irú ẹ̀rọ yìí rà, bẹ́ẹ̀ ni kò pọn dandan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà láàárín wa tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé ìfẹ̀yìntì ni wọ́n fẹ̀yìn ara náà tì. Ìfẹ̀yìntì ọ́fíìsì kì í ṣe ìfẹ̀yìntì iṣan. Kí ẹni tó ti pẹ́ lórí ìjókòó kọ́kọ́ lọ rí dókítà, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó bẹ̀rẹ̀ níwọ̀nba. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ogun ni àgbà yé jà; àjẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.