Ìkówọlé ẹ̀rọ géèmù láti òkè òkun

Ìkówọlé ẹ̀rọ géèmù láti òkè òkun ni ríra àwọn ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń ṣeré ní gbangba, bí ẹ̀rọ pinball àti àpótí géèmù tí a ń sọ owó onírin sí, ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àti kíkó wọn wá sílé nínú ọkọ̀ ojú omi. Fún ẹni tó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gba èbúté Èkó kọjá. Iye tí a san fún ẹni tó tà á kì í ṣe gbogbo iye rẹ̀. Owó ọkọ̀, owó ibodè, iná mànàmáná àti àtúnṣe ni wọ́n ń pinnu bóyá ẹ̀rọ náà yóò ṣiṣẹ́ tàbí yóò di ẹrù inú yàrá.

Àwọn ẹ̀rọ náà

Pinball jẹ́ eré tí a fi bọ́ọ̀lù irin kékeré ṣe lórí pákó tó dagun díẹ̀ lábẹ́ gíláàsì. Ní ọdún 1931, ilé-iṣẹ́ Gottlieb ní ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà, gbé Baffle Ball jáde, ó sì tà gan-an. Ní 1947, ilé-iṣẹ́ kan náà gbé Humpty Dumpty jáde, èyí tó kọ́kọ́ ní apá kékeré oníná tí òṣèré fi ń gbá bọ́ọ̀lù padà sókè. Àwọn aláṣẹ ìlú New York ka eré náà sí tẹ́tẹ́. Wọ́n fòfin dè é ní 1942, òfin náà kò sì kúrò nílẹ̀ títí di 1976. Àpótí géèmù onífídíò gbòde kan lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Taito ní Jàpáánù gbé Space Invaders jáde ní 1978, tí Namco sì gbé Pac-Man jáde ní 1980.

Ọ̀rọ̀ náà "tòkunbọ̀"

Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí a ń kó wọlé jẹ́ àlòkù, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí tòkunbọ̀ ní Nàìjíríà. Tòkunbọ̀ jẹ́ orúkọ ènìyàn ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi, tí a sì gbé wálé, ni à ń sọ ní orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "ti òkun bọ̀". Láti ara ènìyàn ni orúkọ náà ti bọ́ sára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n ti lò rí ní ìlú òyìnbó.

Ìjẹ̀bú àti ọ̀nà ọjà

Ọjà òkè òkun kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira, ará Pọtogí, kọ̀wé nípa ìlú Ìjẹ̀bú àti òwò tí wọ́n ń fi ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ ṣe níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn Ìjẹ̀bú di alárinà láàárín Èkó àti àwọn ìlú òkè. Ọjà Ẹjìnrìn, tó wà létí ọ̀sà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń pàdé. Ọ̀rọ̀ ta ni ó ní àṣẹ lórí ọ̀nà yìí wà lára ohun tó fa ogun Ìmagbọn ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, nínú èyí tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú.

Lóde òní, ẹrù tó bá gúnlẹ̀ sí Àpápá tàbí Tin Can máa ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn dé Ṣàgámù, kí ó tó yà sí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Èbúté Lekki, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 2023, fi ọ̀nà mìíràn kún un, èyí tó gba Ẹ̀pẹ́ wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Dídì àti ìrìnàjò

Ẹ̀rọ pinball kan sábà máa ń wúwo tó 110 sí 135 kílógíráàmù. Kí wọ́n tó dì í, wọ́n máa ń tú ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn a dojú orí rẹ̀ délẹ̀, wọn a sì kó bọ́ọ̀lù irin inú rẹ̀ jáde kí ó má baà fọ́ nǹkan lójú ọ̀nà. Ó yẹ kí a yọ bátìrì tó wà lára bọ́ọ̀dù àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ pẹ̀lú, nítorí omi tó ń jò láti inú rẹ̀ máa ń jẹ bọ́ọ̀dù náà. Ní ti àpótí géèmù, ojú tẹlifíṣọ̀n onígíláàsì inú rẹ̀ ló ṣe ẹlẹgẹ́ jù. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀ lè bá àwọn ẹlòmíràn pín àyè nínú kọ̀ǹténà kan, kí olúkúlùkù san owó àyè tirẹ̀.

Iná mànàmáná àti owó onírin

Iná ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí 120 fóltì, ti Jàpáánù jẹ́ 100, ti Nàìjíríà àti Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ nǹkan bí 230. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún Amẹ́ríkà tàbí Jàpáánù lè jóná bí a bá kì í bọ iná Nàìjíríà láìṣe àtúntò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ pinball ní tiransífọ́mà nínú, èyí tí a lè yí wáyà rẹ̀ padà sí agbára iná tí a fẹ́. Èyí tí kò bá ní irú rẹ̀ yóò nílò tiransífọ́mà ìta tó ń dín agbára iná kù.

Ẹnu ibi tí a ń sọ owó sí náà nílò àtúnṣe, nítorí owó onírin ìlú tó ti wá ló mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni owó onírin 50 kọ́bọ̀, náírà 1 àti náírà 2 tí wọ́n gbé jáde ní Nàìjíríà ní 2007 kì í sábà kọjá lọ́wọ́ ènìyàn mọ́. Nítorí náà, a lè ṣètò ẹ̀rọ náà kí ó máa lo àmì onírin tí onílé eré fúnra rẹ̀ ń tà, tàbí kí ó máa ṣiṣẹ́ láìgba owó.

Òfin àti owó ibodè

Nínú ètò nọ́ńbà ọjà tí àwọn aṣọ́bodè ń lò káàkiri àgbáyé, abẹ́ 9504 ni ẹ̀rọ géèmù wà. Ẹni tó ń kó ọjà wọlé sí Nàìjíríà fún òwò máa ń gba Fọ́ọ̀mù M nípasẹ̀ báńkì. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2013, Àjọ Aṣọ́bodè Nàìjíríà ló ń fúnra rẹ̀ ṣe ìwé ìdíyelé tó máa ń ṣáájú dídé ẹrù. Owó orí ọjà ti VAT, tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti 2020, tún wà lórí owó ibodè.

Ẹ̀rọ tó ń san owó fún ẹni tó bá jẹ jẹ́ ẹ̀rọ tẹ́tẹ́, òfin rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ eré lásán. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ní àṣẹ láti ṣòfin lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́.

Àlòkù àti ìdọ̀tí

Ìyàtọ̀ wà láàárín àlòkù tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ti kú. Lẹ́yìn tí wọ́n rí ìdọ̀tí olóró láti Ítálì ní ìlú Kókò ní 1988, Nàìjíríà ṣòfin tó lágbára lórí ìdọ̀tí tó léwu. Ní 2011, ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ohun èlò oníná fòfin de kíkó ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ wọlé. Síbẹ̀, ìwádìí tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan àwọn Orílẹ̀-èdè àti ibùdó Àdéhùn Basel ní Ìbàdàn ṣe ní àwọn èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò oníná àlòkù ló ń wọlé lọ́dún, àti pé ó kéré tán, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó ń rà ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà kí òun rí i kí ó tó sanwó.

Ìtọ́jú

Ẹ̀rọ tó gúnlẹ̀ láyọ̀ ṣì nílò ẹni tí yóò máa tún un ṣe. Nínú ìwé Looking for Transwonderland tó jáde ní 2012, Noo Saro-Wiwa ṣàpèjúwe ọgbà ìṣeré Transwonderland ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ibi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀. Rọ́bà, gílóòbù àti fíúsì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára ẹ̀rọ pinball. Wọn kò wúwo, a sì lè kó wọn pamọ́ sínú ẹ̀rọ náà kí ó tó wọ ọkọ̀. Ojú àpótí géèmù àtijọ́ kò jìnnà sí ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, nítorí náà ẹni tó mọ iṣẹ́ àtúnṣe tẹlifíṣọ̀n dáadáa lè tọ́jú rẹ̀ nílé láìretí ẹnikẹ́ni láti òkè òkun.