Ṣómólú, Bàrígà àti Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ìlú

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìjọba ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa Yorùbá. Kí òyìnbó tó dé, baálé ló ń parí ìjà nínú agbo ilé. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ olóyè àdúgbò. Bí ó bá tún kọjá ti olóyè, ó di ààfin. Ọba pàápàá kì í dá ìlú ṣe: ní Ọ̀yọ́, àwọn Ọ̀yọ́mèsì lágbára láti kọ Aláàfin. Ẹni tó sì ń jẹ ẹ̀tọ́ nínú agbo ilé náà ló ń bá wọn yẹ ọ̀nà. Ẹ̀tọ́ kan, ojúṣe kan: ìpìlẹ̀ jíjẹ́ ọmọ ìlú nìyẹn.

Òyìnbó dé, ó fi ìwé pín wa. Ní 6 August 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó di ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, èyí tí wọ́n bí sí Ìbàdàn di ẹni tí ọba náà kàn ń dáàbò bò. Òfin Clifford ti 1922 mú ìdìbò wọ Èkó àti Calabar, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń rí £100 lọ́dún nìkan ló lè dìbò. Obìnrin kò sí níbẹ̀ rárá, bó ti wù kí ọjà rẹ̀ tóbi tó.

Àdúgbò wa náà mọ irú ìpín bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ Èkó di olú-ìlú ìjọba àpapọ̀ lọ́tọ̀ ní 1954, Yábàá wà lábẹ́ Èkó, Ṣómólú sì wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 27 May 1967 ni àwọn méjèèjì tó tún padà sábẹ́ òrùlé kan. Àwọn ènìyàn kò kó kúrò; ìjọba ló ń ṣí lórí wọn.

Ó tún ṣẹlẹ̀. Ìwé òfin 1999 ka ìjọba ìbílẹ̀ 774. Ṣómólú wà níbẹ̀, Bàrígà kò sí. Ní 2003, ìjọba Bola Tinubu pín 20 tí Èkó ní sí 57, Bàrígà sì wà lára àwọn tuntun. Ààrẹ Obasanjo dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Ní December 2004, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Ààrẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pé àwọn tuntun náà kò tíì pé títí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i. Bí 37 wọn ṣe di LCDA nìyẹn.

Ní 12 July 2025, a dìbò yan alága kánsù ní Bàrígà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní Ṣómólú. Bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ kan náà ti ní ní 11 July 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kánsù tí ìwé òfin kò mọ̀ ńkọ́? Ta ni yóò kó gọ́tà wa, tí yóò tún ọjà ṣe?

Ìbéèrè kejì kàn mí gan-an. Bàrígà ni wọ́n bí mi sí, Ìlàjẹ ni bàbá mi. Nígbà tí mo wá ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì kan, wọ́n ní kí n lọ gbà á nílùú bàbá mi, níbi tí n kò gbé rí. Abala 15 ìwé òfin ní kí ìjọba jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ olùgbé ní kíkún níbikíbi lórílẹ̀-èdè yìí. Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ìgbò àti Ìlàjẹ ló jọ ń gbé Ṣómólú àti Bàrígà. Ilé ìtẹ̀wé wa kì í bi ìwé pé ọmọ ibo ni.

Ohun méjì ni mo ń fẹ́. Kí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ kọ orúkọ Bàrígà sínú òfin. Kí ẹni tó ń san owó orí, tó ń dìbò, tó sì ń kó gọ́tà iwájú ilé rẹ̀ jẹ́ ọmọ ibi tó ti ń ṣe é. Nínú agbo ilé àtijọ́, ẹni tó bá wa yẹ ọ̀nà, tiwa ni.