Ìtàn Ìtọ́jú Ẹni Tí Ó Ti Ẹ̀wọ̀n Dé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀wọ̀n, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn wa ni ọjọ́ tí adájọ́ dájọ́ àti iye ọdún tí ó dá fún ọ̀daràn. Ọjọ́ tí ẹlẹ́wọ̀n yóò jáde kì í sábà kàn wá. A ti gbà pé bí wọ́dà bá ti ṣí ìlẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí 250 ọdún sẹ́yìn fi hàn pé ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí lójú adájọ́ gan-an ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹlẹ́wọ̀n, pàápàá ẹni tí ara rẹ̀ kò le, tàbí ẹni tí ọtí tàbí egbòogi olóró ti di bárakú fún. Ohun kan ni mo fẹ́ kí a rí dì mú nínú ìtàn náà: lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe àìsí aláàánú ni ó ń pa irú ẹni bẹ́ẹ̀, àlàfo tí ó wà láàárín aláàánú kan àti èkejì ni.

Ní ọdún 1773 ni John Howard jẹ oyè ṣẹ́ríìfù ní àgbègbè Bedfordshire. Ọgbà ẹ̀wọ̀n wà lábẹ́ ṣẹ́ríìfù, Howard sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ wò ó. Ohun tí ó rí níbẹ̀ bà á nínú jẹ́. Àwọn ènìyàn wà níbẹ̀ tí kóòtù ti dá láre. Àwọn mìíràn wà tí ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn wọ́n kò tilẹ̀ yọjú mọ́. Síbẹ̀ wọn kò lè lọ sí ilé. Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ń san owó oṣù fún onítúbú. Owó tí ó bá gbà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni ó fi ń jẹun. Ẹni tí kò bá rí owó ìtúsílẹ̀ san, inú túbú ni yóò padà sí. Howard bẹ àwọn adájọ́ àgbègbè náà pé kí wọ́n máa san owó oṣù fún onítúbú. Wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ fi ibi tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ hàn wọ́n. Ó gun ẹṣin lọ sí àwọn àgbègbè tí ó yí wọn ká láti wá a. Kò rí i, ṣùgbọ́n ìyà tí ó rí lọ́hùn-ún mú kí ó fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà.

Ibà kan wà nínú àwọn túbú ìgbà náà tí wọ́n ń pè ní ibà túbú. Lónìí, a mọ̀ pé iná inú aṣọ ni ó ń gbé e láti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n wọn kò mọ èyí nígbà náà. Howard kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ọdún 1773 àti 1774, àwọn tí ibà náà pa pọ̀ ju gbogbo àwọn tí ìjọba yẹgi fún lọ. Ibà náà kò sì mọ odi túbú: ẹni tí a bá tú sílẹ̀ ń gbé e lọ sí ilé, ó ń gbé e lọ sí ọjà, ó sì ń gbé e wọ inú ọkọ̀ ogun ojú omi. Ní 1774 Howard jẹ́rìí níwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, òfin méjì sì jáde ní ọdún náà. Ọ̀kan ní kí a tú ẹni tí kóòtù bá dá sílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ní kí a máa fi ẹfun kun ògiri túbú lọ́dọọdún, kí a máa fọ àwọn yàrá, kí a ya ibì kan sọ́tọ̀ fún aláìsàn, kí a sì yan oníṣègùn sí túbú. Ní 1777 ni ìwé Howard lórí ipò àwọn túbú jáde. Ní 1790, níbi tí ó ti lọ ń wo àwọn ilé ìwòsàn ọmọ ogun ní Kherson, tí ó wà ní ilẹ̀ Yukiréènì òde òní, ibà pa á.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun kan. Ọdún kan náà ni òfin ìtúsílẹ̀ àti òfin ìlera jáde, ẹ̀rí ọkùnrin kan náà ni ó sì ti méjèèjì lẹ́yìn. Lójú Howard, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Àwọn tí ó tẹ̀lé e ni ó pín in sí méjì.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ẹlẹ́sìn àti àwọn ọlọ́rọ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìlú púpọ̀ láti ran ẹni tí ó jáde lẹ́wọ̀n lọ́wọ́. Òfin ọdún 1862 fún àwọn adájọ́ ní àṣẹ láti fi ọwọ́ sí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì fún wọn lówó. Aṣọ, bàtà, irinṣẹ́, owó ọkọ̀ àti iṣẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ náà ń wá fún ènìyàn, iṣẹ́ rere ni wọ́n sì ṣe. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin ọdún 1878, Ìjọba gba gbogbo túbú àgbègbè sí ọwọ́ ara rẹ̀. Láti ìgbà náà, dókítà inú ọgbà jẹ́ òṣìṣẹ́ Ìjọba, àwọn ẹgbẹ́ tí ń dúró dè ẹlẹ́wọ̀n lóde sì jẹ́ ti aláàánú. Dókítà mọ àìsàn ẹlẹ́wọ̀n ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ parí sí ẹnu géètì. Ẹgbẹ́ rí ẹlẹ́wọ̀n lẹ́nu géètì ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe oníṣègùn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ọtí ni ó kọ́kọ́ tú àṣírí àlàfo yìí. Ní 1876, atẹ̀wé kan tí ń jẹ́ Frederic Rainer kọ̀wé sí ẹgbẹ́ Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì tí ń gbógun ti ọtí. Ó sọ fún wọn pé ẹni tí ọtí bá ti gbé dé kóòtù lẹ́ẹ̀kan, kóòtù ni yóò máa padà sí, nítorí kò sí ẹni tí yóò fà á lọ́wọ́ dìde. Ó fi ṣílè márùn-ún sínú ìwé náà. Láti inú ṣílè márùn-ún yìí ni iṣẹ́ àwọn ajíhìnrere kóòtù ti bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ń jókòó ní kóòtù, wọ́n ń bá ọ̀mùtí sọ̀rọ̀, wọ́n ń bẹ adájọ́, wọ́n sì ń tẹ̀lé ènìyàn dé ilé. Nígbà tí òfin ọdún 1907 dá iṣẹ́ alábòójútó sílẹ̀, ó kọ ọ́ pé kí alábòójútó máa gba ẹni tí kóòtù fi lé e lọ́wọ́ ní ìmọ̀ràn, kí ó ràn án lọ́wọ́, kí ó sì bá a ṣọ̀rẹ́. Yorùbá ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Òfin yìí ní kóòtù gan-an ni kí ọ̀rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rẹ́ nìkan kò tó. Obìnrin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń jẹ́ Jane Cakebread. Ó ju 200 ìgbà lọ tí wọ́n mú un lọ sí kóòtù nítorí ọtí, àwọn ìwé ìròyìn sì sọ ọ́ di ẹni ẹ̀rín. Ajíhìnrere kóòtù kan, Thomas Holmes, gbìyànjú púpọ̀ lórí rẹ̀. Ní 1895, Lady Henry Somerset gbà á sí ilé tí ó dá sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ọ̀mùtí ní Duxhurst, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ju agbára ilé náà lọ. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni a wá gbà pé orí obìnrin náà kò pé. Ilé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ ní Claybury ni ó kú sí ní 1898. Ẹ wo iye ìgbà tí ó wọ ẹ̀wọ̀n tí ó sì jáde kí ẹnikẹ́ni tó so ọ̀rọ̀ ọtí àti ọ̀rọ̀ ọpọlọ rẹ̀ pọ̀.

Ní ọdún tí ó kú náà, òfin tuntun jáde. Ẹni tí ó bá jẹ̀bi ìmutípara ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọdún kan, kóòtù lè rán an lọ sí ilé àtúnṣe fún ọdún mẹ́ta. Lójú ìwé, ètò náà dára: ìtọ́jú dípò ìjìyà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó rẹ̀? Ìjọba ń wo ojú ìgbìmọ̀ àgbègbè, ìgbìmọ̀ àgbègbè ń wo ojú Ìjọba. Bí ewúrẹ́ àjọní ni àwọn ilé náà rí: ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ni ín, ebi sì ń pa á. Nígbà tí yóò fi di 1921, gbogbo wọn ti kógbá sílé, àwọn ọ̀mùtí sì padà sí ẹ̀wọ̀n kúkurú bí ti àtẹ̀yìnwá.

Ní 1948, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Ètò Ìlera Gbogbogbòò sílẹ̀, ó ní kí dókítà máa tọ́jú olówó àti tálákà láìgba owó lọ́wọ́ wọn. Ibì kan ni ètò náà kò wọ̀: inú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ilé-iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé ni ó di dókítà àwọn ẹlẹ́wọ̀n mú. Nítorí náà, ènìyàn kan náà a máa ní dókítà kan lóde, òmíràn nínú ọgbà, àwọn méjèèjì kò sì sí lábẹ́ ọ̀gá kan náà. Ní 1996, olórí àwọn aṣèbẹ̀wò ẹ̀wọ̀n, Sir David Ramsbotham, kọ ìwé tí àkọlé rẹ̀ béèrè bóyá aláìsàn ni ẹni tí ó wà lẹ́wọ̀n tàbí ẹlẹ́wọ̀n lásán. Ó ní kí Ètò Ìlera Gbogbogbòò gba iṣẹ́ náà. Ó di oṣù Kẹrin ọdún 2006 kí ó tó rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ni a pàdánù nínú ọdún 58 yẹn? Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí egbòogi bíi heroin ń ṣe sí ara. Ẹni tí ó ti ń lò ó láti ọjọ́ pípẹ́, ara rẹ̀ ti gbà á; iye tí yóò pa ẹlòmíràn kò ní pa á. Bí ó bá lo oṣù díẹ̀ lẹ́wọ̀n láìfọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ a gbàgbé, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbàgbé. Lọ́jọ́ tí ó bá jáde, bí ó bá lo iye tí ó ń lò tẹ́lẹ̀, èémí rẹ̀ lè dákẹ́. Ní 2003, Sheila Bird àti Sharon Hutchinson tẹ ìwádìí kan jáde láti ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, aládùúgbò Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìtúsílẹ̀, ikú tí egbòogi olóró ń fà láàárín àwọn ọkùnrin tí wọ́n wò jẹ́ ìlọ́po méje ti ìgbà mìíràn tí wọ́n wà lóde. Ní 2008, Michael Farrell àti John Marsden wo ọ̀rọ̀ 48,771 ènìyàn tí a tú sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wéèlì láàárín 1998 sí 2000. Àwọn 442 ni ó kú, egbòogi olóró sì ni ó pa 261 nínú wọn. Àwọn tí kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ lóde ni ewu náà dé bá jù.

Nígbà tí iṣẹ́ ìlera bọ́ sí abẹ́ òrùlé kan, ó ṣeé ṣe láti fi oògùn bíi methadone tọ́jú ẹlẹ́wọ̀n nínú ọgbà, kí ara rẹ̀ má baà di òfìfo lọ́jọ́ tí yóò jáde. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2017 wo 12,260 ènìyàn láti ọgbà ẹ̀wọ̀n 39. Láàárín oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtúsílẹ̀, ikú láàárín àwọn tí ó gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ fi ìdá 75 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí kò gbà á. Ikú tí egbòogi olóró fà sì fi ìdá 85 nínú 100 kéré. Kì í ṣe oògùn tuntun ni ó ṣe èyí. Oògùn náà ti wà tipẹ́. Bí a ṣe ń fi í léni lọ́wọ́ ni ó yí padà.

Ṣùgbọ́n àlàfo kò tíì dí tán. Ní ọdún 2018 sí 2019, nínú 100 ènìyàn tí ó jáde tí ó ṣì nílò ìtọ́jú, 34 péré ni ó dé ọ̀dọ̀ olùtọ́jú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó pẹ́ tí ó jẹ́ pé ọjọ́ Ẹtì ni a ń tú ọ̀pọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá jáde ní ọ̀sán ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ rí alábòójútó, kí ó wá ibi tí yóò sùn, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ olùtọ́jú kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì fún òpin ọ̀sẹ̀. Owó tí Ìjọba ń fi sí i lọ́wọ́ wà ní pọ́n-ùn 46 fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó tó di 76 ní 2021. Òfin ọdún 2023 ni ó jẹ́ kí a lè tú irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ọjọ́ Ẹtì. Ètò kan tún bẹ̀rẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ìlera fi ń wọ inú ọgbà lọ bá ẹlẹ́wọ̀n kí ọjọ́ ìtúsílẹ̀ rẹ̀ tó pé, tí yóò sì bá a rìn fún oṣù díẹ̀ lóde. Ní ọdún 2023 sí 2024, àwọn tí ó dé ọ̀dọ̀ olùtọ́jú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá ìdajì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé irú ẹ̀wọ̀n yìí wá sí Èkó. Ní 1872 ni wọ́n dá túbú wọn ní Broad Street sílẹ̀. Ní 2019, òfin tuntun yí orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n wa padà sí ilé-iṣẹ́ àtúnṣe ìwà. Orúkọ náà dára. Ṣùgbọ́n ìtàn tí a sọ yìí kọ́ wa pé orúkọ kì í so ọwọ́ pọ̀. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ náà ro ènìyàn, ìbéèrè díẹ̀ ni kí a bi í: ta ni ó ń kọ̀wé àìsàn ẹlẹ́wọ̀n fún dókítà tí ó wà ní ìlú rẹ̀? Ta ni ó ń sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ṣọ́ ọ jù? Ní Arò, ní Abẹ́òkúta, láti 1954, Adéoyè Lámbò jẹ́ kí àwọn alárùn ọpọlọ máa gbé láàárín ẹbí wọn ní abúlé nígbà tí wọ́n ń gba ìtọ́jú. Kò jẹ́ kí ilé ìwòsàn gé aláìsàn kúrò lára àwọn tí yóò padà sí ọ̀dọ̀ wọn. Ọgbọ́n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi nǹkan bí 230 ọdún wá láti ìgbà Howard kò ju èyí lọ. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Bí ọwọ́ inú ọgbà bá fẹ́ jù ú sílẹ̀, kí ọwọ́ òde ti gbà á mú.